Kí O Tó Fọwọ́ Sí Ìwé Yàrá Kẹta

Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì,
Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ni wàá kọ́kọ́ rín nígbà tí awakọ̀ bá fi àpò ìwé yìí lé ọ lọ́wọ́ ní gáréèjì. Wàá ní, "Mọ́mì tó ní fóònù méjì ló tún ń kọ lẹ́tà." Rín in tán kí o tó máa kà á. Lórí fóònù, o kì í jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Bí mo bá ti sọ gbólóhùn mẹ́ta, wàá ní, "Mọ́mì, mo ti gbọ́," bẹ́ẹ̀ o ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Kò sí ẹni tó lè já lu ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà. Bọ́ bàtà rẹ, jẹun, jókòó, kí o kà á dé òpin.

Kí n kọ́kọ́ kí ọ kú iṣẹ́ tuntun lójú ìwé, nítorí mi ò kí ọ dáadáa rí. Ọjọ́ tí o pè pé wọ́n ti gbà ọ́ sí ilé ìkẹ́rù tútù n'Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, Dádì rẹ jó dé ẹnu ọ̀nà aládùúgbò, wọ́n gbàgbé pé ṣòkòtò ilé ló wà nídìí wọn. Èmi ò jó. Mo wọ yàrá, mo sì sunkún díẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí mo fi jókòó ti kọ̀ǹpútà káńsù ní Èmùré, ìwọ nìkan lo máa ń wá jókòó sábẹ́ tábìlì mi lẹ́yìn ilé-ìwé, tí wàá gbé etí lé ara ẹ̀rọ, tí wàá bi mí pé, "Mọ́mì, kí ló ń mí nínú rẹ̀?" Fáànù ni, ṣùgbọ́n mi ò sọ fún ọ pé fáànù ni. Mo ní kí o máa gbọ́ ọ. Ó dùn mọ́ mi pé títí di òní, o ṣì ń gbọ́ ọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ inú ọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, o pè wá. O ní o ti pààrọ̀ kẹ́nẹ̀lì gbogbo kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ àwọn yàrá tútù náà, pé ìwọ nìkan lo ṣe é, kò sì sí èyí tó kọṣẹ́. O wá ń sọ ọ̀rọ̀ Ìyá Rísì fún wa, ìyá tó ń nu ilẹ̀ níbẹ̀, bí wọ́n ṣe dá ọ dúró ní ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ní, "Àǹtí, yàrá kẹta yìí ò tutù mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ o. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá nu ibẹ̀ tán, ọwọ́ mi á kú tipiri. Ní báyìí, mo ń nù ún bí ẹni ń nu pálọ̀ ilé mi ni." O ní o mú wọn lọ síwájú kọ̀ǹpútà, o fi dìgírì mẹ́rin hàn wọ́n, o sì ní, "Ìyá, ẹ fi ojú yín rí i, ẹ̀rọ kì í purọ́." Ìwọ rẹ́rìn-ín. Dádì rẹ náà rẹ́rìn-ín. O ní ọjọ́ Ẹtì ni wàá fọwọ́ síwèé pé gbogbo yàrá ló pé, kí wọ́n lè kó abẹ́rẹ́ tuntun wọlé.

Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo kàn sọ fún ọ pé kí o má fọwọ́ síwèé náà kí lẹ́tà mi tó dé. O ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin àti àníyàn." Mo gbé fóònù fún Dádì rẹ, mo lọ jókòó sí ẹ̀bá kànga lẹ́yìn ilé, nítorí "ẹ̀rọ kì í purọ́" tí o sọ fún ìyá yẹn, èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ nínú ìdílé wa. Mo sọ ọ́ ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, fún ìyá mìíràn, ohun tó sì tẹ̀lé e ni mo fi pa mọ́ fún gbogbo yín. Màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹlẹ́ṣẹ̀ tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó tóbi jù, nítorí náà fún mi láyè kí n ti orí àwọn kékeré wá.

Èkínní. Má dáhùn ìbéèrè tí o ò kà.

Ní ọdún kejì tí mo dé káńsù, kọ̀ǹpútà ọ̀gá wa bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ó ń pa ara rẹ̀ láàárín iṣẹ́. Wọ́n sọ fún mi pé ètò kan wà tó ń wá sẹ́ńsọ̀ inú ẹ̀rọ rí, ìyẹn àwọn ẹ̀yà kékeré tó ń mọ bí ooru ṣe pọ̀ tó, pé yóò sì sọ fún mi dírẹ́bà tí wọ́n nílò. (Dádì rẹ ló fẹ́ ka lẹ́tà yìí kí n tó lẹ̀ ẹ́, mi ò sì fẹ́ ìbéèrè lórí oúnjẹ alẹ́. Dádì, kẹ́nẹ̀lì ni ètò ìsàlẹ̀ pátápátá tó ń pàṣẹ fún gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà. Wọ́n ń tún un ṣe lọ́dọọdún, nọ́ńbà rẹ̀ sì ń yí padà. Dírẹ́bà ni ètò kékeré tó gbọ́ èdè sẹ́ńsọ̀, tó ń túmọ̀ rẹ̀ fún kẹ́nẹ̀lì. Ó tán.) Ètò awárí yìí máa ń lọ láti ojúlé dé ojúlé nínú ẹ̀rọ, á kanlẹ̀kùn, á bèèrè pé, "Ta ló ń gbé ibí?" Ó tilẹ̀ ní ìwà ọmọlúàbí. Kí ó tó kan ilẹ̀kùn tó léwu, á kọ́kọ́ bi ọ́ pé, "Ṣé kí n kàn án? Ó lè bí ẹni tó wà nínú ilé nínú o."

Èmi ń kánjú. Ìpàdé ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wà ní agogo mẹ́rin. Bó bá ti béèrè, mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ka ọ̀kan. Ọ̀kan nínú ilẹ̀kùn tí a kàn, kì í ṣe ilé sẹ́ńsọ̀ rárá. Ibi tí ẹ̀rọ ń tọ́jú ìrántí bó ṣe máa jí sí ni. Kọ̀ǹpútà náà dì gbagidi, kò sì jí mọ́ láyé. Ọ̀gá mi, ọmọ Ìṣẹ́-Èkìtì, ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, wọlé wá, ó ń bèèrè lẹ́tà tó ti ń kọ láti àárọ̀.

Mo ní, "Iná ni, sà. Iná ló ṣẹ́jú."

Ọmọ mi, fáànù ń fẹ́ lórí àwa méjèèjì. Ọ̀gá gbójú sókè wo fáànù, ó wò mí, ó sì jáde. Kò bá mi wí rárá. Títí di òní, bí mo bá rántí bó ṣe gbójú sókè yẹn, ara mi á bù máṣọ. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá bi ọ́ ní ìbéèrè, kà á. Bí o ò bá mọ ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, sọ pé rárá. Rárá kì í ba ẹ̀rọ jẹ́. Bí ó bá sì bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ, sọ pé ọwọ́ rẹ ló ti bàjẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni ìtìjú rẹ̀ ń dunni.

Èkejì. "Mi ò rí i" yàtọ̀ sí "kò sí."

Wọ́n kó kọ̀ǹpútà tuntun mẹ́ta wá fún wa. Mo mú ètò awárí mi àtijọ́ tí mo ti ń gbé kiri láti ọjọ́ pípẹ́, mo lò ó, ó ní òun ò rí sẹ́ńsọ̀ kankan. Mo kọ ọ́ sínú ìròyìn pé àwọn ẹ̀rọ náà kò ní sẹ́ńsọ̀, mo fọwọ́ sí i, mo tẹ òǹtẹ̀ lé e. Obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi kan láti Ìjàn ló bi mí pé, "Ṣé ètò yín yẹn dàgbà ju ẹ̀rọ yìí lọ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Báwo ló ṣe máa wá mọ orúkọ ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà tó jáde nílé?" Ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tèmi ò dé eyín.

Ohun tí mi ò tún mọ̀ ni pé nínú kẹ́nẹ̀lì tuntun yẹn, wọ́n ti kó dírẹ́bà náà mọ́ ara kẹ́nẹ̀lì fúnra rẹ̀. Inú ìwé orúkọ àwọn dírẹ́bà tó wọlé lẹ́yìn ni mo ń wá a sí. Báwo ni màá ṣe rí ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé nínú ìwé orúkọ àlejò? Nítorí náà, kí o tó bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹ̀rọ, kọ́kọ́ bèèrè pé nọ́ńbà kẹ́nẹ̀lì wo ni ìwọ ń bá sọ̀rọ̀, kí o kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, bi ètò awárí. Ka ohun tí kẹ́nẹ̀lì sọ nígbà tó ń jí. Bí àwọn méjèèjì ò bá fẹnu kò, tú ẹ̀rọ náà, kí o fi ojú ara rẹ ka orúkọ tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Má tijú láti tú u. Ẹni tó bá ń tijú kì í mọ ohun tó wà nínú ìkòkò ọbẹ̀.

Ẹ̀kẹta kúrú. Má fi tipátipá mú dírẹ́bà wọlé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìṣẹ́ fún mi ní dírẹ́bà kan tó ń ṣiṣẹ́ geere lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Tèmi kọ̀ ọ́, ó ní kẹ́nẹ̀lì tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é kọ́ ni òun. Mo wá àṣẹ tí wọ́n fi ń kàn án nípá, mo sì rí i. Dírẹ́bà náà wọlé. Ó wá sọ fún mi pé ọ́fíìsì wa tutù dé dìgírì márùndínlọ́gọ́ta sí ìsàlẹ̀ òdo, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí gbogbo wa ń fi fáìlì fẹ́ ara. Àwọn akọ̀wé ń dáná ẹ̀rín yá lórí mi. Ẹnìkan mú súwẹ́tà wá fún mi láti ilé.

Ṣùgbọ́n irọ́ yẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí ojú tì í láti jọ òótọ́. Irọ́ tó bá jọ òótọ́ ni kí o bẹ̀rù. Òun ló kàn báyìí, kò sì rọrùn fún mi láti kọ.

Ṣé o rántí àpótí ìsàba tí a ní ní yàrá ẹ̀yìn ilé Màmá ní Èmùré? Ilé-ìwé onígbèélé ni o wà nígbà náà, o kàn rí i nígbà ọlidé. Káfíńtà ló bá wa fi pákó kàn án, gílóòbù mẹ́fà wà nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà àlòkù kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi ni mo so wọ́n pọ̀. Sẹ́ńsọ̀ kan wà nínú àpótí, wáyà rẹ̀ wọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Bí àpótí bá tutù, kọ̀ǹpútà á tan gílóòbù. Bó bá ti tó dìgírì mẹ́tàdínlógójì ó lé díẹ̀, á pa wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti fi pa ẹyin, ó dára. Mo ń yan kiri Èmùré bí ẹni tó dá adìẹ sáyé.

Ṣùgbọ́n Màmá, ìyá Dádì rẹ, ti ń pa ẹyin kí wọ́n tó bí mi. Ìwọ mọ bí ọ̀rọ̀ ọwọ́ ṣe rí ní ilé wa. Wọ́n gbà pé ọwọ́ ẹlòmíràn dára fún ẹyin, ti ẹlòmíràn kò dára. Ọwọ́ Màmá ni gbogbo àdúgbò ń bẹ̀. Bí adìẹ ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sàba, wọn kì í kó ẹyin sílẹ̀ fún un fúnra wọn. Wọ́n á ní kí ọmọ lọ pe Ìyá Àgbà. Màmá á dé, á fọwọ́, á kó ẹyin sábẹ́ adìẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á ní, "Ó dọwọ́ Olúwa," ẹyin á sì pa. Kò sí ohun tí Màmá fi ń yangàn láyé ju ìyẹn lọ. Wọn ò lè kàwé, wọn ò ní ọ̀pọ̀ oko, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọwọ́.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn, ẹyin ọgọ́fà ni Màmá bá wa kó sínú àpótí, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ti adìẹ Màmá fúnra wọn. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ní kí n pààrọ̀ kẹ́nẹ̀lì kọ̀ǹpútà náà, nítorí mo ti kà pé tuntun dára jù. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Mo wo ojú ẹ̀rọ: mẹ́tàdínlógójì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo lọ sí ibi iṣẹ́.

Nígbà tí mo dé, Màmá ti dúró dè mí ní ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n mú ẹyin kan lọ́wọ́. Àwọn àgbà máa ń gbé ẹyin lé ìpéǹpéjú láti mọ bó ṣe gbóná sí. Awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, kì í tanni.

Wọ́n ní, "Ìyàwó, uná yìí pọ̀ jù. Ẹyin yìí gbóná."

Mo ní, "Màmá, mẹ́tàdínlógójì ni. Ẹ wò ó."

"Mè é wo yẹn. Ejú mi ni mo fi wò ó."

Mo sì sọ ọ́, Àṣàkẹ́. Mo ní, "Màmá, ojú àgbà lè ṣìnà. Ẹ̀rọ kì í purọ́." Mo tún fi kún un pé kí wọ́n yéé ṣí àpótí, pé ṣíṣí tí wọ́n ń ṣí i ló ń da ooru rú. Wọ́n dá ẹyin náà padà, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn rọra.

Ọjọ́ kọkànlélógún pé, ẹyin kankan ò ké. Ọjọ́ kẹtàlélógún, a fọ́ wọn. Wọ́n ti jinná sínú èèpo wọn. Dádì rẹ bínú, wọ́n ní, "Màmá, ẹ̀yin náà lẹ ń ṣí i lójoojúmọ́." Màmá wo ọ̀nà ọ̀dọ̀ mi. Mo gbójú sílẹ̀. Mo ní, "Iná náà ò dúró déédé."

Iná tún ni mo dì í rù.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà, nígbà tí mo ń tú ẹ̀rọ, mo yọ wáyà sẹ́ńsọ̀ àpótí lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ ò yẹ̀. Ó ṣì ń sọ pé mẹ́tàdínlógójì. Mo jókòó sórí ilẹ̀. Kẹ́nẹ̀lì máa ń fún àwọn sẹ́ńsọ̀ ní nọ́ńbà bí wọ́n ṣe ń dé síwájú rẹ̀, bí àwọn ọmọ tó ń dé láti ilé-ìwé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni ọ̀kan. Nínú kẹ́nẹ̀lì àtijọ́, sẹ́ńsọ̀ àpótí ni ó ń kọ́kọ́ dé. Nínú tuntun, sẹ́ńsọ̀ ara kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń sáré ṣíwájú. Èmi ti sọ fún ètò mi pé kó máa gbọ́ ti "ọ̀kan," mi ò sọ orúkọ. Ara kọ̀ǹpútà náà ló wà ní mẹ́tàdínlógójì láti ọjọ́ yẹn. Nítorí kò tó iye tí mo ní kó fi pa gílóòbù, ó fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa jó. Màmá tọ̀nà. Ojú wọn ò ṣìnà.

Mo tún ètò náà ṣe. Mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo ní n óò sọ ọ́ lọ́la. Lọ́la di ọ̀sẹ̀. Ojú ń tì mí. Èmi ni olùkọ́ kọ̀ǹpútà ìdílé. Mo ti rò pé nǹkan kékeré ni, ẹyin lásán. Ohun tí mi ò rí ni pé ọ̀rọ̀ ti dé ìta. Wọ́n ní ọwọ́ Ìyá Àgbà ti bàjẹ́, ẹyin ọgọ́fà ló kàn án tí ọ̀kan kò pa. Àwọn aládùúgbò ò wá pè wọ́n mọ́. Lẹ́yìn náà ni Màmá fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ aládùúgbò wá kó ẹyin sábẹ́ adìẹ tiwọn. O ti rí i fúnra rẹ nígbà tí o dàgbà, o sì bi mí léèrè, mo ní, "Ọjọ́ ogbó ni." Ọdún mọ́kànlá, Àṣàkẹ́. Mo gba ọwọ́ obìnrin kan lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ń jẹ oúnjẹ ní ilé rẹ̀ ní gbogbo Kérésì.

Ìdí nìyí tí mi ò fi rẹ́rìn-ín ní ọjọ́ Ìsinmi.

Gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe, kí o sì ṣe é kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Wo gbogbo ibi tí ètò rẹ ti ń pe sẹ́ńsọ̀ ní nọ́ńbà, kí o fi orúkọ rọ́pò rẹ̀. Bí méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan náà, bí àwọn Táyé méjì nínú kíláàsì kan, fi ojúlé tí kálukú ń gbé kún un. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ yàrá kejì ni ò ń wò láti ọjọ́ yìí wá, tí ò ń pè é ní yàrá kẹta. Lẹ́yìn náà, bẹ Ìyá Rísì. Ní kí wọ́n wọ yàrá kẹta lọ, kí wọ́n di sẹ́ńsọ̀ náà mú ní àtẹ́lẹwọ́ fún ìṣẹ́jú méjì, kí ìwọ máa wo ojú ẹ̀rọ. Bí nọ́ńbà yàrá kẹta bá gòkè, o tọ̀nà, kí o ra búrẹ́dì fún ìyá yẹn. Bí nọ́ńbà yàrá mìíràn ló bá gòkè, tàbí tí kò sí èyí tó mira, o ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Sọ ọ́ ní ọjọ́ yẹn gan-an, lójú ọ̀gá rẹ àti lójú Ìyá Rísì. Wọ́n lè bínú. Wọ́n tilẹ̀ lè gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ. Mò ń gbàdúrà kó má rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá rí bẹ́ẹ̀, yàrá rẹ ṣì wà nílé, a ò tíì kó iṣu sínú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí ooru ti bà jẹ́ kì í yí àwọ̀ padà. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n máa fi gún, ìyá rẹ̀ á sì lọ sílé pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ó di ohun tí wàá máa rántí ní ẹ̀bá kànga.

Mi ò lè kọ gbogbo èyí kí n má ṣe é. Lánàá, mo ní kí Dádì rẹ gbé mi lọ sí Èmùré. Màmá ń bó ẹ̀gúsí lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí kẹ́nẹ̀lì dé orí iná tí mo purọ́ mọ́, títí kan ọ̀rọ̀ ìwọ àti Ìyá Rísì. Dádì rẹ dúró lẹ́yìn mi, mo kàn gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ já bọ́ lọ́wọ́ wọn. Màmá fi ẹ̀gúsí sílẹ̀. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú, wọ́n ń wò wọ́n, iwájú àti ẹ̀yìn.

Wọ́n ní, "Kèé ṣe ọwọ́ mi?"

Mo ní, "Kì í ṣe ọwọ́ yín, Màmá. Èmi ni."

"Láti ugbà yẹn?"

"Láti ìgbà yẹn, Màmá."

Wọ́n wá ní, "Ìyàwó, ùkà lo ṣe mí."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ẹkún ń gbọ̀n mí, wọn ò sì ní kí n má sunkún. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n dìde, pé ẹ̀gúsí wà lábẹ́ orúnkún mi. Wọ́n wọlé. Adìẹ dúdú kan ti ń ké kiri inú ilé láti ìjẹta, ó fẹ́ sàba, wọ́n sì ń dúró de ọmọ aládùúgbò kó dé láti ilé-ìwé. Wọ́n ní kí n bu omi wá. Wọ́n fọ ọwọ́ wọn, wọ́n fọ̀ ọ́ dáadáa dé ìgúnpá, wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n sì kó ẹyin sábẹ́ adìẹ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹyin mẹ́sàn-án. Wọ́n ní, "Ó dọwọ́ Olúwa." Dádì rẹ jáde lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀.

Wọn ò tíì sọ pé àwọn dárí jì mí. Mi ò bèèrè. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń lọ, wọ́n tẹ̀lé wa dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n bi mí pé, "Iyá tó ń nu ulẹ̀ n'Ìbàdàn yẹn, kí ni Àṣàkẹ́ ti sọ fún un láti ugbà náà?"

Mo ní n kò tíì mọ̀, pé mò ń kọ lẹ́tà sí ọ.

Wọ́n ní, "Ẹyin mi á gba ọjọ́ mọ́kànlélógún. Sọ fún un kó má jẹ́ kí iyá yẹn dúró tó bẹ́ẹ̀."

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ, tó sì ń retí ìpè rẹ kó tó di ọjọ́ Ẹtì.